Orí Kẹsàn-án Ìwé Bàbá Rẹ́fúrẹ́ǹdì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dára kéèyàn kọ́, ẹ fara balẹ̀. Mi ò ní tàn yín. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Erékùṣù Èkó, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé ìyàwó mi máa ń sọ pé òun ni ìyàwó kejì. Ṣùgbọ́n tí mo bá máa sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí gan-an, ìtàn ìbànújẹ́ ni. Ẹni tó bá ń wá ìtàn bí wọ́n ṣe ń là, kó lọ bá àwọn tó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà.

Mùdáṣírù lorúkọ mi. Ìsàlẹ̀ Èkó ni agbo ilé wa wà, nítòsí Òfin. Bàbá mi ń rán fìlà, ìyá mi ń ta ọṣẹ. Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́fà, bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Bánkólé, ẹni tó ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan nínú ọ̀nà tóóró kan lẹ́yìn Ìdúmọ̀tà. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, bàbá mi sì yí padà, ó ń lọ. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn.

Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà yẹn. Òjé ni wọ́n fi rọ létà kọ̀ọ̀kan, ó kéré bí eyín ọmọdé. Inú àpótí pẹlẹbẹ kan tó ní ojúlé púpọ̀ la ń kó wọn sí, irú létà kan, ojúlé kan. Ẹni tó ń to létà á máa fi ọwọ́ ọ̀tún ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa tò wọ́n sínú irin kékeré kan tó dì mú lọ́wọ́ òsì, títí wọ́n á fi di ìlà, tí ìlà á sì di ojú ìwé. A ó wá fi okùn di gbogbo rẹ̀ yíká kó má baà tú. A ó kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan péré jáde kí ẹni tó ni iṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹyọ yẹn là ń pè ní púrúùfù. Tó bá ti fọwọ́ sí i, a ó tẹ iye tó fẹ́. Lẹ́yìn náà la ó tú okùn, a ó fọ àwọn létà náà, a ó sì dá olúkúlùkù padà sójúlé rẹ̀, kí a lè fi wọ́n to nǹkan mìíràn.

Ọ̀gá Bánkólé kì í pariwo. Ohun tó mú kó le nìyẹn. Fún ọdún kan gbáko, gèlè ìyàwó rẹ̀ ló fi ń dì mí lójú láràárọ̀. Á ní, “Mú ẹ wá.” Màá na ọwọ́ sínú àpótí. Á ní, “Mú ṣ wá.” Tí mo bá lọ mú s lásán, ọ̀pá ìdíwọ̀n rẹ̀ á ti bà mí lẹ́yìn ọwọ́. Á kàn tún un bèèrè. Nígbà tí ọdún yẹn máa fi parí, ọwọ́ mi mọ àpótí yẹn ju bí mo ṣe mọ yàrá ìyá mi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ tó nà mí jù. Wọ́n gbé iṣẹ́ òkú kan wá fún wa, ìwé ìkéde tí wọ́n máa lẹ̀ káàkiri. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: ó fi ìyàwó, ọmọ àti ọmọ ọmọ sáyé lọ. Mo ti to irú rẹ̀ bí ogún nínú oṣù yẹn. Bí mo ṣe kan “ó fi ìyàwó”, mi ò tiẹ̀ wo ìwé tó wà níwájú mi mọ́. Ọkàn mi ti bá ìlà náà parí, ọwọ́ mi sì tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ òkú kì í dúró de púrúùfù, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láti Ìdúmọ̀tà títí dé Òfin. Ọkùnrin náà kò bímọ rí láyé rẹ̀.

Opó rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Kò bú wa. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń sunkún, ó ní, “Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi fi wá ṣẹ̀sín nítorí ọmọ. Ṣé ẹ̀yin náà wá ń fi òkú ọkọ mi ṣẹ̀sín ni?” Ọ̀gá Bánkólé dọ̀bálẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ó nà mí, ó sì fún mi ní korobá omi kan àti ọ̀bẹ, ó ní kí n lọ ha gbogbo rẹ̀ kúrò lára ògiri, kò gbọdọ̀ ku ẹyọ kan. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ha á, lójú àwọn ará àdúgbò mi.

Nígbà tí mo dé, ó fi mí jókòó. Ó ní, “Gbọ́ mi dáadáa. Má ka ìwé ẹlòmíràn. Tò ó. Ojú rẹ ni kó ríran, ọwọ́ rẹ ni kó ṣiṣẹ́. Ọkàn rẹ, fi í sílé. Ìgbà tí o bá ti ń mọ ohun tí ìwé ń sọ, ìgbà yẹn lo máa bẹ̀rẹ̀ sí í méfò.” Mo gbà á gbọ́. Mo sọ ara mi di ẹni tó lè to odidi ìwé àdúrà láàárọ̀, tí ẹ bá bi mí lọ́sàn-án pé kí ló wà níbẹ̀, mi ò ní mọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ wá láti ilé ìtàwé CMS àti láti ọ̀nà jíjìn nítorí pé létà mi kì í ní àṣìṣe. Mo ń fi yangàn.

Ó ní òfin kan sí i tí mo ní láti sọ fún yín. Ìṣó gígùn kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìwé tí ẹni tó ni iṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wá, tí a bá ti tò ó, tí púrúùfù sì ti padà dé pẹ̀lú ọwọ́ ẹni tó ni ín lára rẹ̀, orí ìṣó yẹn la máa ń gún un sí. Ohunkóhun tó bá ti dé orí ìṣó ti di àkísà nìyẹn. Kàmọ́rù tó ń wa ẹ̀rọ lè já a nígbàkúùgbà, kó rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, kó fi nu yíǹkì kúrò lára ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀gá fi ń sọ ọ́ lemọ́lemọ́ pé ìwé kankan kò gbọdọ̀ dé orí ìṣó kí púrúùfù tó padà.

Mo ti di igbá kejì Ọ̀gá nígbà tí Bàbá Rẹ́fúrẹ́ǹdì wọlé tọ̀ wá wá. Àlùfáà ìjọ ni, ó ti fẹ̀yìn tì, Ọlọ́wọ̀gbowó ló ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Fọlákẹ́, tó ń ṣe tíṣà. Ojú Bàbá ti ń ṣú. Àǹtí Fọlákẹ́ ló ń bá a kọ ìwé náà sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Orí mẹ́jọ ni wọ́n gbé wá, Bàbá ní ó ku ẹyọ kan. Mo bi í pé kí ni ìwé náà dá lé lórí. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ni.

Mo ní, “Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, sà? Odidi ìwé?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ogójì ọdún ni mo ti ń wá a kiri, Mùdáṣírù. Ìwé kan tiẹ̀ kéré.”

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì àtijọ́ ni. Epiúsíọ́sì ni wọ́n ń pè é. Nínú àdúrà tí Jésù kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n máa ń tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ yìí ló sì ń sọ irú oúnjẹ tó jẹ́. Àwọn àgbà tó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá pè é ní oúnjẹ òòjọ́. Bàbá ní wọ́n ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n àbá ni wọ́n dá. Ó ní kò sẹ́ni tó rí ọ̀rọ̀ yẹn níbòmíràn nínú ìwé àwọn Gíríìkì. Ọ̀mọ̀wé ayé àtijọ́ kan tó jẹ́ pé Gíríìkì ló ń sọ láti kékeré sọ pé òun kò gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé, òun kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà, pé ó jọ pé àwọn tó kọ àdúrà náà sílẹ̀ ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Wọ́n là á sí méjì láti mọ ibi tó ti wá. Apá àkọ́kọ́ kò ní wàhálà. Apá kejì ni wọ́n ń jà lé lórí. Àwọn kan ní láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí wíwà ló ti jáde, pé oúnjẹ tí èèyàn fi ń wà láàyè ni. Àwọn kan ní láti inú bíbọ̀ ni, pé oúnjẹ ọjọ́ tó ń bọ̀ ni, ti ọ̀la. Àwọn mìíràn ní rárá, ti òní yìí náà ni.

Bàbá tún sọ fún mi pé wọ́n rí ìwé àjákù kan rí ní Íjíbítì, ìwé tí ẹnì kan to oríṣi oúnjẹ tó rà sí. Ẹni tó kà á ní òun rí ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀. Ìwé náà sọnù kí ẹlòmíràn tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó máa ń mi orí tó bá ti dé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo bi í pé, “Ẹ má bínú, sà. Kí ló wá jẹ́ tiyín nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?”

Ó ní kí n jókòó. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Rẹ̀mí. Nígbà tí òun ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fi òun sí ìjọ kan lóko. Òjò kọ̀ lọ́dún yẹn, ìyàn mú. Obìnrin kan nínú ìjọ náà, opó tó ní ọmọ kan ṣoṣo, ní àgbàdo díẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú àká. Àwọn aládùúgbò ń tọrọ nínú rẹ̀. Ó wá bá òun, ó bi òun pé, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, oúnjẹ tí à ń bẹ Ọlọ́run fún nínú àdúrà yẹn, ṣé ti òní nìkan ni, àbí ti ọ̀la wà níbẹ̀? Tí mo bá pa díẹ̀ mọ́ de ọ̀la, ṣé mo ṣẹ̀?”

Bàbá ní, “Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, Mùdáṣírù. Mo ní ti òní ni. Mo ní ẹni tó bá ń pa ti ọ̀la mọ́ kò gba Ọlọ́run gbọ́. Ó lọ sílé, ó pín in. Kò tó oṣù kan tí Rẹ̀mí fi kú. Èmi ni mo sin ín.” Obìnrin náà kò dá a lẹ́bi. Ó kàn ń bá a lọ láti máa wá sí ìjọ. Ìgbà tí Bàbá lọ kọ́ Gíríìkì ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ló tó mọ̀ pé ohun tí òun fi dá obìnrin náà lójú, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n láyé. Láti ìgbà náà ló ti ń wá a. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun ṣi obìnrin náà lọ́nà. Ó sì ti ṣèlérí fún un pé ìdáhùn kan á dé ọwọ́ rẹ̀ kí òun tó kú.

Iṣẹ́ náà gbà wá ju ọdún kan lọ. Létà wa kò pọ̀, pàápàá ẹ àti ọ tó ní àmì lórí. A ó to ojú ìwé mẹ́jọ, a ó tẹ̀ ẹ́, a ó tú u, ká tó lè to mẹ́jọ mìíràn. Ọ̀gá Bánkólé ní àpótí kékeré kan tó ní létà Gíríìkì, tó rà lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé àwọn òyìnbó kan tó kógbá sílé. Mi ò mọ orúkọ létà kankan nínú wọn. Mo ń fi ìrísí wọn tò wọ́n.

Bàbá fẹ́ràn láti máa bá mi ṣàwàdà. Nígbà tí ààwẹ̀ dé, ó ní, “Mùdáṣírù, sààrì tí ẹ ń jẹ kí ilẹ̀ tó mọ́ yẹn, ṣé oúnjẹ àná ni àbí oúnjẹ òní?” Mo ní, “Oúnjẹ ẹni tó bá jí ni, sà.” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní kí Àǹtí Fọlákẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Orí kẹsàn-án, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Kò jẹ́ kí Àǹtí Fọlákẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó fi ojú tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ yẹn kọ ọ́, létà ńláńlá tó wọ́, ojú ìwé mọ́kànlá. Ó dì í sínú àpò ìwé, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó gbé e wá fúnra rẹ̀. Ó ní, “Fọlákẹ́ ò tíì kà á. Mo fẹ́ kó jẹ́ èyí tí ẹ bá tẹ̀ ló máa kà. Ìdáhùn mi ló wà níbẹ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí Ìyá Rẹ̀mí pé mo ti rí i.” Mi ò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo tò ó ní ọjọ́ méjì. Mo tò ó dáadáa. Bí mo ṣe to ìlà tó kẹ́yìn tán, mo dì í lókùn, mo gbé e sí abẹ́ tábìlì, mo sì kó ìwé Bàbá jọ, mo gún un sórí ìṣó. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Púrúùfù kò tíì jáde, kí ni mo wá gbé e síbẹ̀ fún? Bóyá nítorí pé mo ń yọ̀ pé ìwé náà parí ni.

Ọ̀gá Bánkólé ti lọ sìnkú ní Ìjẹ̀bú lọ́sẹ̀ yẹn. Èmi ni mo wà nípò rẹ̀. Iléyá ku ọjọ́ díẹ̀, ẹgbẹ́ kan ládùúgbò wa sì gbé kàlẹ́ńdà wọn wá, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ bẹẹrẹ, Sẹ̀gilọlá, Ọ̀ṣunbọ̀, Ẹniọlá. Bí mo ṣe tò ó dé ààbọ̀, ẹ àti ọ tán. Alága ẹgbẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò ní kúrò. Mo wo abẹ́ tábìlì. Mo ní, “Màá tú ti Bàbá. Tí ọdún bá ti kọjá, màá tún un tò, ìwé rẹ̀ ṣáà wà níbẹ̀.” Mo tú okùn. Mo dá wọn padà sójúlé wọn, gbogbo orí kẹsàn-án, kò pé wákàtí méjì.

Kàlẹ́ńdà jáde. Wọ́n yìn mí. Ní ọjọ́ tí ọdún Iléyá parí, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù láti tún orí kẹsàn-án tò. Mo wo ìṣó. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

Mo pe Kàmọ́rù. Ó ní, “Mo ti já a, bọ̀ọ̀dá. Mo fi fọ ẹ̀rọ lẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Ṣé kì í ṣe orí ìṣó ló wà ni?” Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Òun kò ṣẹ̀. Mo tú agbá ìdọ̀tí síta, mo jókòó sílẹ̀, mo ń ya àkísà kúrò lára àkísà. Mo rí abala mẹ́ta. Wọ́n ti dú bí ìdí ìkòkò, kẹrosíìnì ti jẹ gbogbo ohun tó wà lára wọn.

Mo wá ronú pé mo ṣáà tò ó. Gbogbo létà tó wà nínú rẹ̀, ọwọ́ mi ló gbà kọjá. Mo lọ dúró síwájú àpótí, mo di ojú, mo na ọwọ́. Mo ní bóyá ọwọ́ á rántí. Ẹ mọ ohun tí mo rántí? Mo rántí pé Ọ ńlá tán mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo rántí pé ìlà tó kẹ́yìn kúrú, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, mo sì fi òjé òfìfo dí ìyókù. Àmọ́ ohun tí Bàbá sọ, mi ò mọ ẹyọ kan. Mo ti fi ọkàn mi sílé bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo sunkún níwájú àpótí yẹn, àgbà ọkùnrin tó ti bímọ méjì.

Nígbà tí Ọ̀gá Bánkólé dé, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo ti ń retí ọ̀pá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó ní, “Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.” Ká ní ó nà mí ni, ì bá sàn fún mi.

A jọ lọ sí Ọlọ́wọ̀gbowó. Bàbá wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ojú rẹ̀ ti lọ tán pátápátá. Ó gbọ́ ohùn mi, ó na ọwọ́ síta, ó ní, “Ṣé púrúùfù ni? Kà á fún mi, Mùdáṣírù. Fọlákẹ́, wá jókòó, wá gbọ́.”

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àǹtí Fọlákẹ́ dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Bàbá kò mira.

Ó ní, “Ṣùgbọ́n ìwọ lo tò ó.”

“Èmi ni, sà.”

“O kà á nígbà tí ò ń tò ó.”

“Rárá, sà. Mo tò ó ni.”

“Kí ni mo sọ fún Ìyá Rẹ̀mí, Mùdáṣírù?”

“Mi ò mọ̀, sà.”

Ó tún bèèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé bóyá mo kàn gbàgbé ni. Mo tún ní mi ò mọ̀. Ọ̀gá mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, arúgbó ọkùnrin náà, ó ń bẹ̀ ẹ́. Bàbá ní ká dìde. Ó ní òun á tún un sọ, kí Fọlákẹ́ mú bírò.

Ó gbìyànjú. Ojoojúmọ́ ni Àǹtí Fọlákẹ́ ń jókòó tì í. Ṣùgbọ́n ara ti rẹ̀ ẹ́, ọkàn rẹ̀ kì í dúró lójú kan mọ́. Á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, á sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti pín sí méjì, á sọ ti wíwà, á sọ ti bíbọ̀, tó bá wá kù díẹ̀ kó dé ibi ìdáhùn, á dákẹ́, á ní, “Níbo ni mo dé?” Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, mo ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ń bẹ Ọlọ́run. Ọjọ́ kan ó ní, “Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo kọ ọ́. Mo mọ̀ ọ́n dájú.” Nígbà ọyẹ́ ni Bàbá kú. Àǹtí Fọlákẹ́ ní ká di ìwé náà bẹ́ẹ̀, ní orí mẹ́jọ. Orí kẹjọ náà sì parí sí ìbéèrè Ìyá Rẹ̀mí.

Iṣẹ́ kò dúró dè mí. Ẹ̀rọ tuntun dé, tó ń fi fọ́tò ya ojú ìwé, tí kò nílò òjé. Ọ̀gá Bánkólé kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ta gbogbo létà wa fún àwọn tó ń yọ́ òjé, tí wọ́n fi ń rọ ohun tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kó lè rì. Létà Gíríìkì bá wọn lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ̀ǹpútà dé. Mo kọ́ ọ, ẹ má fojú di arúgbó. Ohun tó bí mi nínú nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà máa ń méfò. Kí o tó kọ ọ̀rọ̀ tán, ó ti bá ọ parí rẹ̀. Wọ́n nà mí nítorí èyí nígbà ọmọdé, wọ́n sì wá ń yin ẹ̀rọ fún un.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi fi fóònù rẹ̀ bá mi wo ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní wọ́n ti rí ìwé àjákù Íjíbítì tí Bàbá sọ pé ó sọnù. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó kọ́kọ́ kà á ló ṣì í kà, ọ̀rọ̀ náà kò sí níbẹ̀. Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Mo ní kó gbé fóònù rẹ̀ kúrò níwájú mi.

Ẹ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, mi ò ní kí ẹ má kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá yín le mọ́ yín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá ní kí ẹ fi ọkàn yín sílé, ẹ máa jí ọkàn yín gbé wá síbẹ̀, kí ọ̀gá yín má mọ̀. Ẹ máa mọ ohun tó ń gba ọwọ́ yín kọjá.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí mo ti ń yẹra fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Àlàásárì tán ni obìnrin àgbàlagbà kan wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó fi aṣọ wé ìwé kan, ó gbé e mọ́ àyà. Ó ní wọ́n júwe ọ̀dọ̀ wa fún òun láti CMS, òun sì fẹsẹ̀ rìn ín.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ tẹ ìwé yìí?”

“Èmi ni, Màmá.”

“Èmi ni Ìyá Rẹ̀mí. Mi ò mọ̀wé. Ọmọ àbúrò mi ló kà á fún mi, ó ní ó tán síbi tí mo ti bèèrè ọ̀rọ̀. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, Bàbá ránṣẹ́ sí mi pé òun ti rí i. Mo ní bóyá ojú ìwé kan já sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín.”

Mo fún un ní àga. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìṣó, kàlẹ́ńdà, kẹrosíìnì, mi ò fi ọ̀kan pa mọ́. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Kò bú mi, kò ṣépè.

Ó ní, “Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Rẹ̀mí. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò pọ̀. Ṣé èmi ni mo pa á, tí mo pín àgbàdo yẹn?”

Mo ní, “Ẹ ò pa á, Màmá.”

Ó wò mí. “Ṣé Bàbá ló kọ bẹ́ẹ̀, àbí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́?”

Kò sẹ́ni tó lè já mi nírọ́. Bàbá ti kú, ìwé ti bàjẹ́ nínú kẹrosíìnì, èmi nìkan ni mo kù. Mo la ẹnu láti sọ pé Bàbá ni. Mi ò lè sọ ọ́.

Mo ní, “Èmi ni mo sọ ọ́, Màmá.”

Ó ní, “Ẹ ṣeun.” Ó tú aṣọ kúrò lára ìwé náà, ó nà án sí mi. Ó ní, “Ẹ bá mi ṣí i síbi tí ìdáhùn náà ì bá wà.”

Mo ṣí i sí ìparí orí kẹjọ. Abala tó kọjú sí i funfun báláú. Mo mú ìka rẹ̀, mo gbé e lé ibẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún pa á, bí ẹni tó ń kàwé. Mo dúró tì í. Ó pẹ́ gan-an kó tó gbé ọwọ́ kúrò.